Ẹ̀yin ará Aró l'Abẹ́òkúta, ẹ wá ká sọ ìtàn àdúgbò wa

Ọmọ_Aró_Pọ́ńbélé:

Mo kí gbogbo ilé o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde.

Aró ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí, ibẹ̀ náà ni mo kọ́lé mi sí. Ibi yòówù tí mo bá dé, bóyá Èkó ni o, bóyá Ìbàdàn ni, tí ẹnìkan bá ti bi mí pé apá ibo ni mò ń gbé l'Abẹ́òkúta, tí mo bá ti ní Aró, ẹ̀rín ló kù, torí ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà níbẹ̀. Wọ́n á ní, "Ṣé ara ti wá yá báyìí?" Mo ti ń fara da ìyẹn láti kékeré. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, àwọn ẹbí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ àbúrò mi ní kí wọ́n lọ wádìí ilé wa dáadáa kí wọ́n tó wá tọrọ ọmọ, nítorí pé "ọmọ Aró" ni. Àbúrò mi sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mi ò mọ èsì tí mo lè fọ̀ fún wọn. Mo mọ Aró bíi àtẹ́lẹwọ́ mi, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ ò sí lẹ́nu mi. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ ọ́. Kí ni Aró jẹ́ kí ilé ìwòsàn tó dé, báwo sì ni ilé ìwòsàn ṣe dé ọ̀dọ̀ wa?

Ìyá_Aláta_Lafẹ́nwá:

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Bá mi kí àbúrò rẹ, sọ fún un pé ọkọ tí yóò fẹ́ ẹ ò ní fi ti àdúgbò ṣe. Ọjà Lafẹ́nwá ni mo ti ń tà, àwọn obìnrin Aró sì ni oníbàárà mi láti ọjọ́ pípẹ́. Tí wọ́n bá gba ọjà àwìn, owó mi ń bọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo àdúgbò Abẹ́òkúta. Màá máa ka ohun tí àwọn àgbà bá sọ.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì:

Ọmọ_Aró, o ṣeun tí o gbé e jáde. Ìtàn ni mo fi kọ́ ọmọ títí ìjọba fi ní kí n máa lọ sinmi, ó sì máa ń bà mí nínú jẹ́ pé ọmọ Aró gan-an kì í mọ̀ pé ẹnu ibodè wọn ni wọ́n ti gba Abẹ́òkúta sílẹ̀.

Ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ, Ṣódẹkẹ́ ló ṣáájú wọn. Ogun ló tú wọn ká kúrò ní ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, nítorí náà ààbò ló gbà wọ́n lọ́kàn jù. Wọ́n mọ odi amọ̀ yí ìlú ká, wọ́n gbẹ́ yàrà sí ẹsẹ̀ odi náà, wọ́n sì dá ibodè sí ojú ọ̀nà tó wọ ìlú. Ibodè Aró wà lára wọn, ọ̀kan tí ẹni tó bá ń ti ìwọ̀ oòrùn bọ̀ máa ń bá pàdé. Ìwọ̀ oòrùn yẹn náà ni Dàhòmì wà, ìjọba tó wà ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin Republic lónìí.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta 1851, Gezo ọba Dàhòmì kó ogun dé. Ṣódẹkẹ́ ti kú láti 1845, àwọn olórí ogun bíi Ṣókẹ́nù àti Ògúnbọ̀nà ni ìlú gbójú lé. Nínú ogun Gezo, àwọn obìnrin jagunjagun pọ̀, àwọn gan-an sì ni igi lẹ́yìn ọgbà rẹ̀. Ní báyìí, ẹ gbọ́ ọgbọ́n tí àwọn ará Ìṣàgà, ìlú kan tó wà lójú ọ̀nà Gezo, ta. Wọ́n ti túúbá fún Gezo, ó sì gbà pé ti òun ni wọ́n. Wọ́n wá gbà á nímọ̀ràn pé kó má lọ síbi tí odi ti ń wó, pé ibòmíràn ló ti máa rọrùn, àti pé ọ̀sán gangan ló yẹ kó jà, kó má ṣe é lóru. Bí wọ́n ṣe ń sọ ìyẹn fún un, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí àwọn Ẹ̀gbá ní kọ̀rọ̀. Gezo gbà wọ́n gbọ́. Ọ̀sán gangan ló dé, ibodè Aró ló sì kọlù, níbi tí odi ti dúró dáadáa tí àwọn Ẹ̀gbá sì ti ń retí rẹ̀.

Ìjà náà le. Àwọn Ẹ̀gbá ò kọ́kọ́ mọ̀ pé obìnrin ló pọ̀ nínú àwọn tó ń gun odi wọn, àfìgbà tí ọwọ́ tẹ ọ̀kan. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ti ẹnu dé ẹnu lórí odi, ó dùn wọ́n wọra pé obìnrin ló fẹ́ kó wọn lẹ́rú, wọ́n wá jà bí ẹni tí kò ní ẹ̀mí méjì. Dàhòmì sá. Àjàyí Crowther wà ní Abẹ́òkúta nígbà náà, ó rí ogun yẹn, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀.

Ìṣàgà ló jìyà rẹ̀ lẹ́yìn, nítorí Glele ọmọ Gezo pa ìlú wọn run ní 1862. Nígbà tí Glele fúnra rẹ̀ wá sí Abẹ́òkúta ní 1864, òun náà padà lọ́wọ́ òfo. Àmọ́ ogun Ibodè Aró ti 1851 ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ká ní odi yẹn fọ́ lọ́jọ́ náà ni, kò ní sí Aké, kò ní sí Òwu, kò ní sí Ìtòkú tí ẹ ti ń ra àdìrẹ. Tí ẹnìkan bá tún fi ọ̀dọ̀ rẹ rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ_Relùwéè:

Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí iṣẹ́ relùwéè ni bàbá tó bí mi ṣe. Ojú irin tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní 1896, tó dé Ìbàdàn tí wọ́n sì ṣí i ní 1901, apá ọ̀dọ̀ wa yìí ló gbà kọjá. Kí mọ́tò tó pọ̀, ẹni tó bá fẹ́ wá sí Abẹ́òkúta láti òkèèrè, ìhà Aró àti Lafẹ́nwá ló ti máa kọ́kọ́ fojú kan ìlú. Ìlú tuntun ń tẹ̀ síbòmíràn báyìí, Òkè-Mosàn ni gómìnà wà, ibùdókọ̀ ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021 sì wà ní Làdérìn. Tiwa ti di ibi tí èèyàn ń gbà kọjá lásán.

Ará_Òkè_Ìléwó:

Mo bọ̀wọ̀ fún yín, bàbá, ìtàn yín dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ogun 1851 ti pẹ́. Ẹni tó ń fi Ọmọ_Aró rẹ́rìn-ín l'Ékòó ò mọ Gezo, kò mọ Glele, ilé ìwòsàn ọpọlọ ló mọ̀. Ó ti di èébú. Tí ọmọ bá ṣe ìṣekúṣe, ìyá rẹ̀ á ní "màá gbé ọ lọ Aró." Tí ọ̀rẹ́ méjì bá ń jà, wọ́n á ní kí ọ̀kan lọ gba ìtọ́jú n'Áró.

Ohun tí mo rò ni pé kí ìjọba yọ orúkọ Aró kúrò lára ilé ìwòsàn yẹn. Kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ènìyàn ńlá kan. Nígbà tó bá ti tó ìran kan, ọ̀rọ̀ yìí á ti tán nílẹ̀. Kì í ṣe pé mo kórìíra ilé ìwòsàn náà o. Èmi ò kàn rí ìdí tí odindi àdúgbò á fi máa ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àná:

Àbúrò mi Ará_Òkè_Ìléwó, mo gbọ́ ohun tí o wí, mo sì mọ̀ pé inú rere lo fi sọ ọ́. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé mi ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Gbólóhùn tí o fi parí ọ̀rọ̀ rẹ ni mi ò fara mọ́. Ẹrù yẹn, ti Aró ni. Àwọn ará Aró fọwọ́ ara wọn gbé e ni, èyí gan-an ló sì yẹ kí gbogbo ayé fi máa yìn wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ọ́n. Lantoro, l'Abẹ́òkúta níbí náà, ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1944, nínú ọgbà tó jẹ́ ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀. Àwọn sójà wa tí wọ́n lọ ja ogun Hitler, tí orí wọn dàrú lójú ogun, ni wọ́n kó padà wálé tí wọn ò mọ ibi tí wọn máa fi wọ́n sí. Nígbà yẹn, bí ọ̀rọ̀ alárùn ọpọlọ ṣe rí nìyẹn: ìtìmọ́lé ni. Ẹni tí kò bá sí ní ìtìmọ́lé, ẹ̀wọ̀n ń bẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nílé adáhunṣe, tàbí kó máa rìn káàkiri ọjà.

Ní 1954 ni wọ́n fi Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò ṣe olórí ilé ìwòsàn tuntun n'Áró. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ibí ni wọ́n bí i sí ní 1923, Baptist Boys' High School ni ó lọ kó tó lọ kàwé dókítà ní Birmingham. Wọn ò tíì kọ́ ilé ìwòsàn náà parí nígbà tó débẹ̀. Dókítà mìíràn á ní kí gbogbo aláìsàn lọ dúró títí ilé yóò fi parí. Lámbò lọ bá àwọn àgbà abúlé tó wà láyìíká, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn aláìsàn òun wá máa gbé láàárín wọn.

Ẹ ro ohun tó ń bèèrè wò. Ẹni tí ìlú rẹ̀ gan-an ń sá fún, tí wọ́n ń sọ̀kò fún, òun ni wọ́n ní kí ẹ yá ní yàrá nínú ilé tí ọmọ yín ń sùn sí. Wọ́n sì gbà.

Bí ètò náà ṣe ń lọ nìyí. Aláìsàn kì í dá wá. Ó di dandan kí ẹbí rẹ̀ kan tẹ̀ lé e, ìyá ni, ẹ̀gbọ́n ni, ẹni tí yóò máa dáná fún un tí yóò sì máa fọṣọ rẹ̀. Wọ́n á gba yàrá lábúlé, onílé á máa gba owó. Láàárọ̀, aláìsàn á rìn wá sí ilé ìwòsàn gba abẹ́rẹ́ àti oògùn, dókítà á bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà á padà sábúlé, á bá wọn lọ sóko, á bá wọn jẹun, á bá wọn ṣeré ìrọ̀lẹ́. Ilé ìwòsàn yá àwọn ará abúlé lówó láti fi tún ilé ṣe, wọ́n sì mójú tó ọ̀rọ̀ omi àti ìmọ́tótó. Lámbò tún pe àwọn adáhunṣe mọ́ra, kí wọ́n bá òun lóye ohun tí aláìsàn gbà pé ó ń ṣe òun. Àwọn kan nínú àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ò fẹ́ràn ìyẹn rárá. Ó ṣe é síbẹ̀.

Nígbà tó di 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti ilẹ̀ Áfíríkà àti òkè òkun ló wá péjọ sí Abẹ́òkúta fún àpérò, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Cornell láti Amẹ́ríkà wá bá wọn ṣe ìwádìí pọ̀. Lámbò fúnra rẹ̀ di igbákejì olórí àjọ ìlera àgbáyé lẹ́yìn náà. Dókítà Tọ̀lání Asúnì tó gba ipò rẹ̀ n'Áró tẹ̀ síwájú. Gbogbo wọn, iyàrá tí àwọn ará abúlé Aró yá aláìsàn ni wọ́n gùn lé. Kí ìjọba wá yọ orúkọ àwọn èèyàn yẹn kúrò? Rárá o.

Àgbẹ̀_Etí_Ògùn:

Màmá Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á túbọ̀ máa ràn yín lọ́wọ́. Omi bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yín, torí bàbá àgbà mi wà lára àwọn tó yá wọn ní yàrá.

Ìyá mi ló máa ń sọ fún wa nípa ọmọkùnrin kan tí wọ́n mú wá láti apá Ìjẹ̀bú. Ìyá rẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé, kì í sọ̀rọ̀ rárá. Tó bá ti ilé ìwòsàn dé, ẹ̀gbẹ́ àmù ló máa ń lọ jókòó sí, á gbé ẹ̀yìn ti ògiri, á máa wo ilẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bàbá àgbà gbé àdá lé e lọ́wọ́ pé kó jẹ́ kí àwọn lọ sóko ẹ̀gẹ́. Ariwo sọ nínú ilé! Ìyá mi ní ìyá bàbá òun gbé ọwọ́ lérí. Bàbá àgbà ò dá wọn lóhùn, òun ló bọ́ síwájú, ọmọkùnrin náà tẹ̀ lé e lẹ́yìn tòun tàdá. Wọ́n padà dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ lórí.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń bá àwọn obìnrin bó ẹ̀gẹ́. Ẹ mọ̀ pé láfún ni oúnjẹ wa, a máa ń rẹ ẹ̀gẹ́ sómi títí á fi rọ̀, a ó wá sá a sórí àpáta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn obìnrin wà nínú ilé, ojú ọ̀run ṣú, ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀. Ohùn kan tí wọn ò gbọ́ rí ni wọ́n gbọ́ níta: "Òjò ń bọ̀ o! Ẹ wá kó láfún!" Òun ni. Ìyá rẹ̀ ò kó láfún kankan, ó jókòó sílẹ̀ lórí àpáta ó ń sunkún, àwọn yòókù ni wọ́n sáré kó o.

Ó yá tán, ó padà sílé. Ìyá mi ní ó máa ń wá kí bàbá àgbà lọ́dún Àjíǹde títí bàbá fi kú.

Ìyá_Aláta_Lafẹ́nwá:

Háà. Orí yóò gbè wọ́n níbi tí wọ́n wà.

Ará_Òkè_Ìléwó:

Ẹ̀yin màmá, mo dúpẹ́. Mi ò gbọ́ èyí rí, l'Abẹ́òkúta tí mo ti kàwé. Ìtàn Olúmọ àti ti Madam Tinúbú ni wọ́n kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, mo ṣì ní ìbéèrè. Ètò abúlé yẹn ò rí bíi tàtijọ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ oko ti di ilé, ọ̀pọ̀ tó ń gbé Aró báyìí ò mọ bàbá àgbà ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ilé olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n wá gbà. Èébú yẹn sì ń dun àwọn náà. Àwọn ẹbí kan á gbé aláìsàn wọn wá lóru kí ará àdúgbò má baà rí i. Ṣé orúkọ mìíràn ò ní mú kó rọrùn fún wọn?

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì:

Ìbéèrè rẹ tọ́, ọmọ mi. Wo Yábàá l'Ékòó. Láti 1907 ni ilé ìtọ́jú ọpọlọ ti wà níbẹ̀, ìjọba sì ti pa orúkọ rẹ̀ dà. Ṣé àwọn èèyàn ò sọ pé "Yábàá" síbẹ̀? Orúkọ tuntun yòówù tí wọn ì báà fún un, ẹnu aráyé á sọ òun náà di èébú, nítorí àìsàn gan-an ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín.

Àmọ́ tún wo Yábàá dáadáa. Tí ẹnìkan bá ní Yábàá lòun ń gbé, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Kí ló fà á? Àwọn èèyàn mọ ọjà rẹ̀, wọ́n mọ àwọn ilé ìwé rẹ̀, wọ́n mọ relùwéè rẹ̀. Ilé ìwòsàn jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀. Aró tiwa, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀, ìdajì rẹ̀ ni wọ́n sì mọ̀. Kò sí pátákó kan tó sọ fún àlejò pé ibí ni Ibodè Aró wà. Kò sí ìwé tí ọmọ ilé ìwé Aró ń kà nípa àwọn onílé tó gba aláìsàn sílé. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ nìyẹn, owó rẹ̀ ò sì tó ti yíyí orúkọ padà.

Ọmọ_Aró_Pọ́ńbélé:

Mo dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo yín. Mo ti ka ọ̀rọ̀ Àgbẹ̀_Etí_Ògùn sókè fún àbúrò mi. Ó ní kí n fi ránṣẹ́ sí òun, òun fẹ́ kí ìyá ọkọ àfẹ́sọ́nà òun gbọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n Àgbẹ̀, ṣé ìyá yín ṣì wà? Tí wọ́n bá gbà, mo fẹ́ wá gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù. Àwọn onílé ìgbà náà ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ wọn gan-an ti darúgbó.

Àgbẹ̀_Etí_Ògùn:

Wọ́n wà o, ojú ni kò ríran mọ́, ọ̀rọ̀ pé lẹ́nu wọn. Máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Tí òjò bá rọ̀ púpọ̀, má gba ọ̀nà etí odò, Ògùn máa ń kún bo ọ̀nà yẹn. Òkè ni kó o gbà.

Ọmọ_Ìyá_Kan:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Sàngó Ọ̀tà ni mo ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni nǹkan ń ṣe. Kì í sùn, ó ń bá ẹni tí a ò rí sọ̀rọ̀, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bàbá wa ní kò sí ẹni tó máa gbé ọmọ òun lọ Aró, pé orúkọ ìdílé á bàjẹ́. Ilé àdúrà ni a ti ń gbé e kiri láti bí oṣù mélòó kan. Màmá Nọ́ọ̀sì, tí a bá mú un wá, ṣé wọ́n á dè é mọ́lẹ̀? Ṣé a ṣì máa rí i?

Nọ́ọ̀sì_Àná:

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. O ò já lu ọ̀rọ̀ kankan. Má jẹ́ kó pẹ́ mọ́. Àìsàn yìí, tí ìtọ́jú bá tètè bẹ̀rẹ̀, ó sàn ju kó pẹ́ lára lọ.

Ilé ìwòsàn ni o, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Dókítà á kọ́kọ́ bá òun àti ẹ̀yin sọ̀rọ̀. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni wọ́n ń dá dúró, ọ̀pọ̀ ló ń gba oògùn lọ sílé tí wọ́n á máa padà wá lọ́jọ́ àdéhùn. Òfin tuntun tó dé ní 2023 lórí ìlera ọpọlọ sì dáàbò bo ẹ̀tọ́ aláìsàn. Kí ẹni tó mọ bí àìsàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ tẹ̀ lé e. Kọ ọ́ sílẹ̀: ìgbà tó ti ń ṣe é, bó ṣe ń sùn, ohun tó ń sọ, àti oògùn tàbí àgbo yòówù tó ti lò. Má fi ohunkóhun pa mọ́ fún dókítà, àti ti ilé àdúrà náà. Ẹ mú aṣọ díẹ̀ dání bó bá jẹ́ pé wọ́n á dá a dúró.

Ní ti bàbá yín, tí wọ́n bá ní fóònù, ka ìtàn ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn fún wọn.

Ọmọ_Ìyá_Kan:

Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun gan-an. A ò mọ ọ̀nà o. Ṣé Kútọ̀ la máa já sí?

Ọmọ_Relùwéè:

Rárá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé yín dé Kútọ̀, ó ti jìnnà. Láti Sàngó, ẹ wọ ọkọ̀ Abẹ́òkúta, kí ẹ sọ fún dírẹ́bà látilẹ̀ pé Ìta Ọ̀ṣìn lẹ ti máa bọ́ sílẹ̀. Àwọn onímáàrúwá tó wà níbẹ̀ mọ ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ẹ tètè kúrò nílé, èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ọmọ_Aró_Pọ́ńbélé:

Ilé mi ò jìnnà sí ẹnu géètì. Fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lábẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń bọ̀, màá wá pàdé yín. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa sùn mọ́jú, yàrá kan ṣófo lọ́dọ̀ mi.